Àwọn Ọmọ Ogun Inú Kókó: Ohun Tí Jẹjẹrẹ Ìfun Ńlá Ń Fi Hàn Lábẹ́ Maikirosíkóòpù

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn, Abẹ́òkúta

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àìsàn kan tí àwa Yorùbá kì í fẹ́ dárúkọ níwájú oúnjẹ. Ẹ má bínú sí mi: ọ̀rọ̀ ìgbẹ́, ọ̀rọ̀ ìdí àti ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni a jọ máa sọ, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ bò ó. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun kó mú sùúrù.

Inú láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí oníṣẹ́ abẹ bá gé nǹkan kúrò lára èèyàn, ọ̀dọ̀ irú wa ni wọ́n ń gbé e wá, kí á wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù, kí á sọ ohun tó jẹ́. Aláìsàn kì í mọ̀ wá lójú, ìwé èsì wa ló máa ń rí. Ìgbà tí ìwé yẹn bá dé ọwọ́ dókítà rẹ̀ ni ìbéèrè máa ń jáde: "Dókítà, ṣé màá bọ́ níbẹ̀?" Bí aláìsàn kò bá lè bi í, ọmọ rẹ̀ á tẹ̀lé dókítà dé ẹnu ọ̀nà, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ṣé bàámi máa yè é?"

Bí a ó ṣe dá ọmọ yẹn lóhùn ni mo wá sọ. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni ìdáhùn náà ti ń yí padà. Tẹ́lẹ̀, ohun tí jẹjẹrẹ ti fi ara ṣe nìkan là ń wò. Nísinsìnyí, a ti ń wo ohun tí ara fi jẹjẹrẹ ṣe pẹ̀lú. Èrò tèmi ni pé ìyípadà yìí kan àwa ọmọ Nàìjíríà ju àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ, àti pé àwa gan-an la kò tíì jẹ àǹfààní kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi àtijọ́ wá. Ìfun ńlá gùn tó nǹkan bí mítà kan àtààbọ̀, inú rẹ̀ ni ìgbẹ́ ti ń gbẹ kó tó jáde. Láti ara awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo inú rẹ̀ ni jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láti inú kókó kékeré kan tó lè wà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ láìṣe nǹkan kan. Bó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ògiri ìfun lọ. Ní ọdún 1932, Cuthbert Dukes, dókítà láàbù ní ilé ìwòsàn St Mark's ní Lọ́ńdọ̀nù, pín in sí mẹ́ta. A ni èyí tí kò tíì kọjá ògiri ìfun. B ni èyí tó ti gún ògiri náà já. C ni èyí tó ti dé inú àwọn kókó omi ara, irú èyí tó máa ń wú ní abíyá tàbí ní ìtan bí èèyàn bá ní egbò lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà látìgbà náà. Ìpele mẹ́rin la ń kà báyìí, ìkẹrin ni pé ó ti tàn dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n Dukes ló ṣì wà nídìí ìwé èsì tí mò ń kọ títí dòní.

Ọgbọ́n náà dára, kò kàn tó ni. Ẹni méjì lè wà ní ìpele kejì, kí oníṣẹ́ abẹ kan náà ṣe iṣẹ́ fún wọn, kí wọ́n jọ kúrò ní wọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀ kan náà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ọ̀kan ń gbé ọmọ rẹ̀ níyàwó. Èkejì, kò pé ọdún méjì tí jẹjẹrẹ fi padà wá bá a. Bí ẹ bá gbé ìwé èsì àwọn méjèèjì síwájú mi, n kò lè sọ èwo ni ta ni.

Ìyàtọ̀ náà wà lójú gíláàsì tí à ń tẹ́ ẹran náà lé lábẹ́ maikirosíkóòpù, a kì í kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí. A máa ń ri ẹran náà sínú ìda gbígbóná. Bí ìda bá dì, ẹ̀rọ abẹ á fá a tín-ín-rín, tó jẹ́ pé bí a bá to nǹkan bí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n léra wọn, wọn ò ní nípọn ju bébà kan lọ. A ó fi aró méjì kùn ún: ọ̀kan á sọ ọkàn sẹ́ẹ̀lì di búlúù, èkejì á sọ ìyókù di píǹkì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń tóbi, wọ́n rí wúruwùru, òmíràn ń pín sí méjì lọ́wọ́. Ní etí ibi tí wọ́n ti ń wọ ara lọ, nígbà mìíràn n ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké, roboto, búlúù tó ṣú, tó jẹ́ pé ọkàn sẹ́ẹ̀lì ló kún inú wọn fọ́fọ́. Wọ́n á tò lọ bẹẹrẹ. Díẹ̀ nínú wọn á ti já wọ àárín sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, wọ́n á há mọ́ àárín méjì. Lára gíláàsì ẹlòmíràn, n kò ní rí ju ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún. Àwọn nǹkan kékeré búlúù yẹn ni ọmọ ogun ara.

Kì í ṣe òní la ti ń rí wọn. Jeremy Jass, tó ṣiṣẹ́ ní St Mark's kan náà, ti kọ ọ́ ní 1987 pé ẹni tí ọmọ ogun ara bá pọ̀ létí jẹjẹrẹ ìdí rẹ̀ máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tí tirẹ̀ kò pọ̀. Àwọn èèyàn kà á, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ohun tó fà á ni pé dókítà kan lè wo gíláàsì kó ní wọ́n pọ̀, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo gíláàsì yẹn náà kó ní wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó wá jókòó tì í kà á ni Jérôme Galon àti Franck Pagès pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Paris. Ní 2006, nínú ìwé ìròyìn Science, wọ́n sọ pé irú ọmọ ogun tó wà nínú jẹjẹrẹ ìfun, bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, àti ibi tí wọ́n dúró sí, ń sọ bí ọ̀rọ̀ aláìsàn ṣe máa rí, ó sì lè sọ ọ́ dáadáa ju ìpele lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá kò nílò kí n ṣàlàyé èyí pẹ́ títí. Nígbà tí ogun Dàhọ̀mì yọ sí ẹnubodè Aro ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọjọ́ yẹn ṣe máa parí kò ní jókòó máa ka gbogbo ọkùnrin tó wà láàárín ìlú. Á wo àwọn tó wà nídìí odi, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn, á sì wò ó bóyá ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Irú kíkà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Paris. Aró kan wà tó ń mú gbogbo ọmọ ogun ẹ̀yà T, CD3 ni àmì rẹ̀. Òmíràn ń mú kìkì àwọn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́, CD8 ni tirẹ̀. Wọ́n ka àwọn méjèèjì níbi méjì: àárín gbùngbùn kókó jẹjẹrẹ náà, àti etí rẹ̀ tó ń wọ ara lọ. Kọ̀ǹpútà ló ń kà á, kì í ṣe ojú èèyàn tó ti rẹ̀ lọ́sàn-án. Wọ́n sọ àròpọ̀ rẹ̀ di máàkì kan tí wọ́n pè ní Immunoscore.

Ní 2018, èsì ńlá jáde nínú The Lancet, lẹ́yìn tí àwọn ilé ìwòsàn láti orílẹ̀-èdè 13 ti jọ dán máàkì náà wò lára aláìsàn 2,681 tó wà ní ìpele kìíní sí ìkẹta. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe òdiwọ̀n, bí ẹ bá mú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí máàkì wọn ga, mẹ́jọ ni jẹjẹrẹ padà wá bá láàárín ọdún márùn-ún. Nínú ọgọ́rùn-ún tí tiwọn wà láàárín, 19 ni. Nínú ọgọ́rùn-ún tí tiwọn kéré, 32 ni. Ìyàtọ̀ mẹ́jọ sí 32 kì í ṣe ohun tí dókítà lè fi sẹ́nu dákẹ́ nígbà tí ọmọ aláìsàn bá tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà.

Nàìjíríà kò sí nínú orílẹ̀-èdè 13 náà. N kò sọ ọ́ láti fi bú ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń sọ pé nígbà tí wọ́n ń ṣe òdiwọ̀n, ẹran ara wa kò sí lórí tábìlì.

Ẹnìkan lè ní, báwo la ṣe mọ̀ pé ìjà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ń jà, tí kì í ṣe pé wọ́n kàn pé jọ síbẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà sí ìlú yìí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ìlera, jókòó níwájú àwọn oníròyìn, ó sọ fún gbogbo ayé pé àrùn AIDS ló pa Fẹlá àbúrò òun. Ìdílé Ẹ̀gbá kan ló sọ ọ́ síta, nígbà tí àwọn ìdílé mìíràn ń fi irú rẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ "ọmọ ogun ara" wá kún orí rédíò. Àwa tí a wà ní láàbù rí apá kejì rẹ̀: bí ọmọ ogun ara bá ti ń tán, àwọn jẹjẹrẹ kan á gbòde, irú bíi Kaposi tó máa ń yọ dúdú-dúdú lára awọ. Bákan náà ni ẹni tí wọ́n fún ní kíndìnrín ẹlòmíràn. Oògùn tó ń dá ọmọ ogun ara dúró kí wọ́n má baà bá kíndìnrín tuntun jà ló máa ń lò, jẹjẹrẹ sì máa ń mú irú wọn ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ara èèyàn la ti rí ẹ̀rí yìí, kì í ṣe ara eku nìkan.

Kí ló wá dé tí ọmọ ogun fi ń ya wọ inú kókó ẹnìkan, tí wọn ò sì yà sí ti ẹlòmíràn? Ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n èyí tó yé wa jù ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, ó gbọ́dọ̀ da DNA rẹ̀ kọ, àṣìkọ sì máa ń wọ̀ ọ́. Purotéènì mẹ́rin kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wá àṣìkọ náà kí wọ́n sì tún un ṣe: MLH1, MSH2, MSH6 àti PMS2. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, àṣìkọ á máa gorí àṣìkọ. Sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn purotéènì tí ara kò rí rí, ọmọ ogun ara á sì mọ̀ pé àjèjì nìyí. Ìdí nìyẹn tí irú jẹjẹrẹ yìí fi máa ń kún fún sẹ́ẹ̀lì búlúù kéékèèké. MSI là ń pè é ní láàbù, n ó sì máa pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣì wà ní ìpele kejì, àwọn tó ní in máa ń ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Bó bá ti tàn káàkiri, àǹfààní yẹn kì í sí mọ́, àyàfi bí oògùn tí n ó sọ láìpẹ́ bá wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an rèé. Ní 2013, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ní New York jọ dá ẹgbẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀, African Research Group for Oncology. Isaac Alatise, oníṣẹ́ abẹ ní Ifẹ̀, àti Peter Kingham láti New York wà lára àwọn tó ṣíwájú rẹ̀. Ní 2021, wọ́n gbé èsì kan jáde nínú Nature Communications. Jẹjẹrẹ ìfun àwọn ọmọ Nàìjíríà 64 ni wọ́n ka DNA rẹ̀. Wọ́n rí MSI lára 18 nínú wọn, ìyẹn 28.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àkójọ ńlá kan tí Amẹ́ríkà ṣe, tí wọ́n ń pè ní TCGA, 14.2 ni. Lára àwọn aláìsàn Memorial Sloan Kettering fúnra wọn, 8.5 ni.

Mo ka nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó jáde. Ó túmọ̀ sí pé bí ẹ bá kó jẹjẹrẹ ìfun mẹ́wàá jọ ní ilẹ̀ wa, ó ṣeé ṣe kí nǹkan bí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ irú èyí tí ọmọ ogun ara ń dá mọ̀. Ìwádìí náà rí nǹkan mìíràn. Nínú àwọn tí kò ní MSI, jíìnì APC tó máa ń bàjẹ́ lára aláìsàn 76 nínú ọgọ́rùn-ún ní New York, 39.1 péré ló bàjẹ́ lára tiwa. Àwọn aláìsàn tiwa kéré lọ́jọ́ orí sí tiwọn. Ìdajì tiwa, 50.8 nínú ọgọ́rùn-ún, ló wà ní apá ìsàlẹ̀ ìfun tó kángun sí ihò ìdí. Tiwọn jẹ́ 33.7. Aláìsàn 64 kò pọ̀, bí nọ́ńbà náà bá sì yí díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ka ẹgbẹ̀rún, kò ní yà mí lẹ́nu. Síbẹ̀, ó tó láti sọ fún wa pé kí a yé fi ìwé òyìnbó nìkan sọ bí ọjọ́ ọ̀la aláìsàn wa ṣe máa rí.

Ìwé òyìnbó yẹn ti ṣì wá lọ́nà rí. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tó ti ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ ọ́ ní 1971 pé jẹjẹrẹ ìfun ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará Áfíríkà nítorí oúnjẹ wọn, ewé àti ọkà tí kì í dà tán nínú ìfun. Ohun tó sọ nípa oúnjẹ ṣì níyì, ẹ má torí mi pa ewédú tì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà di àwíjàre lẹ́nu àwa dókítà. Bí ẹni ogójì ọdún bá wá pé òun ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ohun tó máa ń kẹ́yìn sí wa lọ́kàn ni jẹjẹrẹ.

Ó kàn oògùn. Lára ọmọ ogun T ni ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní PD-1. Bí jẹjẹrẹ bá ti fọwọ́ kàn án, ọmọ ogun á dáwọ́ ìjà dúró. Tasuku Honjo ará Japan ló ṣàwárí rẹ̀, òun àti James Allison ará Amẹ́ríkà sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018 lórí irú iṣẹ́ yìí. Oògùn tó ń bo PD-1 wà báyìí, kí jẹjẹrẹ má baà rí i kàn. Ní 2015, Dung Le àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Johns Hopkins fi hàn pé lára jẹjẹrẹ ìfun tó ní MSI, oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Lára èyí tí kò ní in, bí ẹni da omi sórí àpáta ni. Ní 2022, Andrea Cercek àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní New York fún aláìsàn 12 tó ní MSI, tí jẹjẹrẹ tiwọn wà nídìí, ní dostarlimab fún oṣù mẹ́fà. Kókó náà pòórá lára gbogbo méjèèjìlá. Wọn ò gé wọn, wọn ò fi ìtànṣán jó wọn, wọn ò fún wọn ní kẹ́mò. Nígbà tó di 2025, wọ́n ti ka 49 irú wọn, gbogbo 49 ló rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú ẹni tí wọ́n gé ìdí rẹ̀, tí wọ́n so àpò ìgbẹ́ mọ́ ní ikùn, ẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìdajì jẹjẹrẹ ìfun tiwa ló wà níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: èló ni? Ó wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, oògùn irú èyí fún ọdún kan ju ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là, ìyẹn 100,000, lọ. Ẹni tó bá ta ilé baba rẹ̀ lè má rí i rà. N kò wá síbí láti fi oògùn tí apá kò ká tàn yín jẹ. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tó ń sọ pé MSI ni tàbí kì í ṣe MSI kò wọ́n bẹ́ẹ̀. Aró mẹ́rin ni, ọ̀kan fún purotéènì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá hàn ni kò sí. Ó sì wúlò fún ẹni tí kò ní rí dostarlimab láéláé. Fluorouracil, kẹ́mò tí a ń lò jù fún jẹjẹrẹ ìfun, bí a bá lò ó nìkan fún ẹni tó wà ní ìpele kejì tó sì ní MSI, kì í sábà ṣe é láǹfààní. Ẹ rò ó wò: ìdílé kan á tọrọ owó, wọ́n á yá owó ẹgbẹ́, aláìsàn á bì, ẹnu á bó, nítorí oògùn tí aró mẹ́rin ì bá ti sọ fún wọn pé kò pọn dandan. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé àyẹ̀wò yìí jẹ́ ti olówó, ìdáhùn mi ni pé tálákà ló nílò rẹ̀ jù.

Ìwọ̀nyí wulẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu bí aláìsàn kò bá dé nígbà tó yẹ, kì í sì í dé nígbà tó yẹ. Jẹ̀díjẹ̀dí ló dá a dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tẹ̀lé ìgbẹ́ ní Abẹ́òkúta, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí ìdí bá ń ro èèyàn, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bó bá ń ṣe ẹ́ bíi pé kí o yàgbẹ́, tí o dé ibẹ̀ tí kò sí nǹkan, wọ́n á ní o ti jẹ nǹkan dídùn jù. Mo lọ bá ìyá alágbo kan ní Láfẹ́ńwá, mo bi í bó ṣe ń ta àgbo jẹ̀dí. Mo rò pé á bínú sí mi. Ó fi ìgò tó ń dé lọ́wọ́ sílẹ̀.

"Dókítà, ẹni tó bá mu ún lẹ́ẹ̀kan tó lọ, mo mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá. Ẹni tó ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń rù, èmi kì í ta á fún un mọ́. Mo máa ń ní kó lọ sí ọsibítù."

"Màmá, ṣé wọ́n máa ń lọ?"

"Wọ́n á lọ ra tẹlòmíràn."

Inú mi dùn sí ìyá yẹn ju sí àwọn kan tí a jọ ń wọ kóòtù funfun lọ. Mo ti rí káàdì aláìsàn tó lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kọ "páìlì", ìyẹn jẹ̀díjẹ̀dí, sí i, tí wọ́n fún un ní oògùn ìdí. Kò sí ibi kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé dókítà wọ ìbọ̀wọ́, ó sì fi ìka yẹ ìdí rẹ̀ wò. Bí ìdajì jẹjẹrẹ ìfun wa bá wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìka lè bá, láìsí iná mànàmáná, láìsí kámẹ́rà. Ẹ̀yin aláìsàn, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tẹ̀lé ìgbẹ́ yín tí dókítà kò sì yẹ ìdí yín wò, ẹ sọ fún un pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ wò ó." Ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni. Bí ìka kò bá kan nǹkan tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá, ó yẹ kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ìfun.

Ó wá ku ìgò tí wọ́n ń kó ẹran tí wọ́n bá gé sí. Ìlú yìí ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ìwòsàn: Sacred Heart ní Lantoro ti wà láti 1895, Federal Medical Centre ní Ìdí-Aba láti 1993. Ọwọ́ tó mọ abẹ í lò kò wọ́n wa. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni láàárín tíátà àti láàbù. Ẹran náà gbọ́dọ̀ bọ́ sínú fọmalín, omi tí kì í jẹ́ kó jẹrà, kíákíá, fọmalín náà sì gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ẹran lọ dáadáa. Lọ́jọ́ kan, ọmọ aláìsàn kan gbé ìfun ìyá rẹ̀ wá bá wa nínú ike kan tí wọ́n ti fọ̀, láti ilé ìwòsàn aládàáni kan. Omi lásán ni wọ́n rọ sí i. Ó ti lo alẹ́ méjì nílé, nítorí ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Mo rí i pé jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti rà, sẹ́ẹ̀lì búlúù kankan kò dá yàtọ̀ mọ́, aró mẹ́rin kò sì lè mú nǹkan tó ti jẹrà. Ọmọ náà dúró lẹ́nu fèrèsé wa, ó bi mí pé ṣé màmá òun máa yè é. Ìpele nìkan ni mo lè kọ fún un.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún èèyàn yín, ẹ bi wọ́n ṣáájú pé ta ló máa gbé ẹran náà lọ sí láàbù, lọ́jọ́ wo, nínú kí ni. Bí èsì bá jáde, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe aró MMR, ìyẹn aró mẹ́rin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Orúkọ tí dókítà mọ̀ ọ́n sí nìyẹn. Bí wọ́n bá rí MSI lára ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tàbí tí ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá rẹ̀ ní jẹjẹrẹ ìfun tàbí ti ilé ọmọ, ó lè jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni ó ti wá, ohun tí wọ́n ń pè ní Lynch. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí irú òbí bẹ́ẹ̀ bí lè jogún rẹ̀, ìdá kan nínú méjì. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Kí àwọn àbúrò rẹ̀ lọ fi kámẹ́rà wo ìfun wọn ni.

Ohun kan kù tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Ẹran tí a rì sínú ìda kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. A máa ń tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nọ́ńbà láàbù ni a fi ń wá a. Bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun fún ìyá yín, bàbá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín lọ́dún mẹ́ta tàbí márùn-ún sẹ́yìn, ìbáà jẹ́ pé ó wà láyé tàbí ó ti lọ, ẹ wá ìwé èsì rẹ̀ nínú àpótí. Nọ́ńbà náà wà lókè, lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì. Ẹ gbé e tọ dókítà lọ, kí ó kọ̀wé sí láàbù tó ṣe é. Bí wọ́n bá rí búlọ́ọ̀kù ìda náà nínú dúrọ́ọ̀, a ṣì lè fi aró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kùn ún.